Àrokò Pẹ́pẹ́yẹ àti Ilé Erin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Pẹ́pẹ́yẹ, ó dá lórí Erin, ó sì dá lórí àwọn ẹyẹ kéékèèké tó gba ìjà onílé jà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti pa á. Inú àgbàlá kan ni, ní Williamsville, nílùú Abidjan, lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. A ti jẹ atíẹ̀kẹ́ àti ẹja díndín tán, a tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí ìdílé méjìlá ń pọn. Àwọn ọmọ ọkọ̀ gbákà ṣì ń lọgun lójú títì, “Adjamé! Adjamé!”, bí ẹni pé Williamsville kì í ṣe ara Adjamé tẹ́lẹ̀.

Ìjà tó bí àlọ́ yìí kò tó nǹkan. Ọmọ Ìyá Aláṣọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, Java ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ Télọ̀, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwọn, ń fúnra rẹ̀ kọ́ C# lórí .NET. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni wọ́n jọ dáwó rà ní Black, ọjà àlòkù tó wà ní Adjamé, bátìrì rẹ̀ sì ti ń lọ sópin. Ibi tí wọ́n ti ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni èébú ti dé orí èdè. Ọmọbìnrin ní, “Tèmi ń rìn kárí ayé. Tìẹ, inú ilé ẹnìkan ló há sí.” Ọmọkùnrin ní, “Ilé tiwa gba gbogbo èdè. Tìẹ, ẹni tí kò bá gbọ́ Java, ẹnu ọ̀nà ni ebi máa pa á sí.” Wọ́n yíjú sí mi. “Tọ́ńtọ̀n, ẹ dá a fún wa.”

Mo ti fi èdè méjèèjì jẹun kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Mo ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà dé, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n máa gbè.

Láyé ìgbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn bá fẹ́ rán sí ilé Ológbò, èdè Ológbò ni yóò fi kọ ọ́. Bó bá fẹ́ rán iṣẹ́ kan náà sí ilé Ajá, yóò fà á ya, yóò tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni ti ilé ìdáná. Ìránṣẹ́ tó bá dé ìlú onílùú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ọwọ́ bọ ìkòkò, tí yóò bu ìwọ̀n tó tó o. Bó bá jẹun tán, òun náà ni yóò palẹ̀ àwo mọ́. Òmíràn á bu ti ẹlòmíì jẹ. Òmíràn á gbàgbé àwo sílẹ̀, àwo á kún ilé títí kò ní sí ibi tí a ó fẹsẹ̀ lé. Òmíràn á ti ọwọ́ bọ ibi tí kì í ṣe ìkòkò rárá, ilé á sì wó pa tọmọ-tìyá.

“C nìyẹn,” ọmọ Télọ̀ já lu ọ̀rọ̀ mi.

“C àti C++,” mo dá a lóhùn. “Jẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ.”

Pẹ́pẹ́yẹ kan wà tó ń gbé ní agboolé Àkùkọ. Ẹ mọ ìwà Àkùkọ: ó ti ké tí oòrùn ń yọ fún ìgbà pípẹ́ débi pé ó gbà pé òun ló ni oòrùn. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sára ilé: Sun Microsystems, ní California. Ẹni tí mò ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ ni James Gosling, ọmọ Kánádà. Èmi kọ́ ni mo fi ẹyẹ pè é o. Orúkọ ìdílé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn ni.

Lọ́dún 1991, wọ́n kó Pẹ́pẹ́yẹ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé, bíi tẹlifíṣọ̀n, yóò máa gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Igi kan wà lẹ́yìn fèrèsé Pẹ́pẹ́yẹ tí òyìnbó ń pè ní Oak. Orúkọ igi náà ló kọ́kọ́ fi sọ èdè tuntun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n bá a pé ẹlòmíì ti ń jẹ́ ẹ. Ni wọ́n bá fi orúkọ kọfí sọ ọ́: Java. Ẹ gbọ́ ná, Côte d’Ivoire tó fìgbà kan tẹ̀ lé Brazil àti Colombia nínú kọfí gbíngbìn lágbàáyé, kò sẹ́ni tó fi kóró kan lọ̀ wá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, Pẹ́pẹ́yẹ bọ́ sí gbangba, ó sì ka ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ó ní èdè òun yóò rọrùn, yóò sì jọ èyí tí ẹnu ti mọ́. Ó ní àlejò kankan kò ní ti ọwọ́ bọ ìkòkò mọ́: ẹni tí ebi ń pa yóò sọ, wọn yóò bù ú fún un, bó bá sì ti dìde nídìí oúnjẹ, agbálẹ̀ kan wà tí yóò máa kó àwo tí kò sẹ́ni tó ń lò mọ́. Àlejò tí a kò mọ̀ rí kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyẹ̀wù di èèwọ̀ fún un. Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú kí àwọn ẹranko fò sókè. Àrokò ló mú wọn fò sókè.

“Ẹ̀yin ọmọ Abidjan, ẹ mọ àrokò?”

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣa ìdérí ìgò méjì nílẹ̀, mo fa okùn kan yọ lára ẹní, mo so wọ́n pọ̀ kí ẹ̀yìn wọn kọ síra. Mo ní, ká ní owó ẹyọ ni èyí, tí ọba kan fi rán ẹnìkan sí ọba kejì, ìjà ló wà níbẹ̀. Mo tú u, mo so wọ́n kí wọ́n kọjú síra. Èyí, “ojú rẹ ń wù mí í rí” ni. Ẹni tó gbé e dání lè má mọ ohun tó gbé. Atúmọ̀ tó wà lọ́hùn-ún ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìyá Aláṣọ gba ìdérí ìgò méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn nínú òkùnkùn.

Ọgbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn. Èèyàn yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Java, wọn yóò dì í ní àrokò. Àrokò yìí kì í ṣe èdè Ológbò, kì í sì í ṣe èdè Ajá. Ohun tó kù ni kí atúmọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu ibodè ìlú kọ̀ọ̀kan, tí yóò gba àrokò náà, tí yóò sì tú u sí èdè ìlú tirẹ̀. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbé e lọ síbi gbogbo. Bí Pẹ́pẹ́yẹ ti ń lọ ló ń kọrin. Ẹ máa gbè é: “Atúmọ̀, tú u wò!”

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dì í o,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Mo dé ’lé Ológbò, ó gbọ́,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Mo dé ’lé Ajá, ó yé e,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Gbogbo ayé ni n ó fi rìn,
*Atúmọ̀, tú u wò!*

Ìrìn náà kò kúkú dùn tó bí orin rẹ̀ ṣe dùn. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, atúmọ̀ a máa tú àrokò ní kókó kan tẹ̀ lé kókó kan, bí ọmọ tó ń fi ìka tọ ìwé kà. Kó tó parí, ẹni tí wọ́n rán iṣẹ́ sí á ti sùn lọ. Ohun tí atúmọ̀ ilé Ológbò tú, ti ilé Ajá á fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u bẹ́ẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹn ló sì ń fa ẹkún. Àwọn ẹlẹ́yà ní kí wọ́n tún un pè: kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tún un ṣe níbi gbogbo. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé atúmọ̀ tuntun kan tó ń jẹ́ HotSpot jáde. Ibi tí àrokò bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan ní àsọtúnsọ, òun á ti há a sórí. Láìpẹ́, Java wọ inú fóònù Nokia pẹ̀lú géèmù kéékèèké. Ẹni tó bá ti tó ọgbọ̀n ọdún nínú àgbàlá wa ti fi àtàǹpàkò ṣe é rí, kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Erin wà níbẹ̀ tó ń wò.

Erin ni Microsoft. Ilé rẹ̀ tóbi, Fèrèsé ni orúkọ ilé náà, nígbà yẹn sì rèé, nínú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tó bá wà lórí tábìlì, bíi mẹ́sàn-án ló ń sùn lábẹ́ òrùlé Erin. Bí àrokò bá wá lè dé ibi gbogbo, kí ni èèyàn tún ń wá ní ilé Erin? Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Kò sọ ọ́ síta. Ó lọ bá Àkùkọ, ó gba ìwé àṣẹ, ó ní òun náà fẹ́ ní atúmọ̀ tòun. Ó sì ní in lóòótọ́; atúmọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ yá ju ti Àkùkọ lọ. Àmọ́ ó yọ́ so kókó mélòó kan mọ́ okùn náà, kókó tí atúmọ̀ ilé Erin nìkan ń tú. Àrokò tó bá ti ní kókó Erin lára, bó bá dé ilé Ajá, wọn á wò ó lọ wò ó bọ̀, wọn á dá a padà.

Àkùkọ ké. Ìjàpá gbọ́.

Ìjàpá ọkọ Yánníbo ti di lọ́yà nígbà yẹn. Ẹ má bi mí pé lọ́yà ta ni: ẹni tó bá ti gbé ìkòkò kaná ni oníbàárà rẹ̀. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, ó parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, Erin san 20 mílíọ̀nù dọ́là. Ìjàpá ra bàtà tuntun.

Erin padà sílé, ó jókòó, ilẹ̀ mì. Ó ní, “Bí wọn ò bá jẹ́ kí n so kókó tèmi mọ́ okùn olókùn, n ó lọ́ okùn tèmi.” Ó ti pe Ẹ̀gà wálé láti ọdún 1996. Ẹ̀gà yìí, Anders Hejlsberg, ọmọ Denmark, ti hun Turbo Pascal àti Delphi ní ilé Borland. Kò sí ẹyẹ tó mọ ìtẹ́ hun tó o. Lọ́dún 2000, ó na aṣọ tuntun sórí okùn: C#. Pẹ́pẹ́yẹ wò ó, ó ní àfarawé aṣọ òun ni. Ẹ̀gà ní ọ̀tọ̀ ni apá tòun, ọ̀tọ̀ ni ọrùn. Èmi tí mo ti wọ méjèèjì, mo lè jẹ́rìí pé ẹni tó bá wọ ọ̀kan nínú òkùnkùn lè rò pé èkejì lòun wọ̀.

“Tọ́ńtọ̀n!” Àwọn méjèèjì pariwo pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n C# nìkan kọ́ ni Erin gbé jáde nígbà tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2002. Ilé tuntun odindi ni, .NET. Erin dúró sójú ọ̀nà, ó ní, “Pẹ́pẹ́yẹ ní kí ẹ gbàgbé èdè ìyá yín, kí gbogbo yín máa ké bíi tòun. Mo sọ bẹ́ẹ̀ bí? Ẹ wá pẹ̀lú ẹnu tí ẹ ní. Ẹni tó ń sọ Visual Basic, kó máa sọ ọ́. Ẹni tó ń sọ C++, kó máa sọ ọ́. Ẹ ti ọ̀rọ̀ yín bọ inú ilé, a ó dì í ní àrokò kan náà.” Ẹ gbọ́ o, àrokò náà ni! Atúmọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Agbálẹ̀ wà tó ń kó àwo. Kò sẹ́ni tó ń ti ọwọ́ bọ ìkòkò, àfi ẹni tó bá tọrọ àyè. Gbogbo ohun tí Pẹ́pẹ́yẹ ní ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni kò sí. Erin náà dá orin. Ègbè kò yí padà.

Ẹ sọ Faransé, ẹ sọ Júlà,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Ẹ sọ Anàgó, ẹ sọ Nouchi,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Ogún èdè ò dí mi létí,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Ilé Erin la ti ń sọ ọ́,
*Atúmọ̀, tú u wò!*
Ẹni bá jáde, ó ti yadi,
*Atúmọ̀, tú u wò!*

Nígbà tí a kọrin yìí, Ìyá Aláṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tí .NET jẹ́, àmọ́ ó mọ onílé wa. Nínú àgbàlá yìí, Bawulé ni ìdílé tó wà ní apá òsì ń sọ, Júlà ni ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ omi, Anàgó ni àwa, àwọn ọmọ a sì máa po gbogbo rẹ̀ mọ́ Nouchi ìgboro. Onílé kò bínú sí èdè ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó ń bínú sí ni kí èèyàn fa wáyà iná láti ilé kejì.

Ti Pẹ́pẹ́yẹ náà wà láàárín wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Anàgó Abidjan, Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a ti wá. Ẹ lọ sí Ẹjìgbò lónìí, ẹ óò gbọ́ Faransé lójú títì, lẹ́nu ọmọ tí a bí sí Abidjan àti lẹ́nu ìyá tó ti tajà dé ibẹ̀ tó ti padà. Èdè kan ni wọ́n kọ́, òun ni wọ́n gbé kiri: Abidjan, Bouaké, Cotonou, Lomé. Kò sí ìlú tó ní kí wọ́n tún ẹnu wọn rọ nínú gbogbo wọn, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó gbọ́ Faransé bá ti wà lẹ́nu ibodè.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí n sọ èyí tó dáa jù nínú èrò méjèèjì, mo máa ń rántí pé Pẹ́pẹ́yẹ ní kí o rìn bó ṣe wù ọ́, àmọ́ èdè òun ni kí o máa sọ, Erin sì ní kí o sọ èdè tó wù ọ́, àmọ́ kí o má rìn. Mo ti wá ilé tí wọ́n ti máa ní kí n rìn kí n sì sọ̀rọ̀ bó ṣe wù mí, mi ò tíì rí onílé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Adjamé.

Alángbá ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ Erin gbọ́. Visual Basic ni Alángbá ti ń sọ láti kékeré, ó mi orí, ó wọlé. Ó dé inú ilé, ó la ẹnu, ó bá a pé wọ́n ti tún eyín òun tò lóru. Basic tó wà nínú .NET kì í ṣe Basic tí Alángbá mọ̀. C# ni wọ́n da aṣọ Basic bò. Ó fẹ́ jáde. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ilé àtijọ́ ti ń tán lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mi orí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ibi tí àlọ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ló kàn yìí. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà kan wà ní Geneva tí wọ́n ń pè ní Ecma. Bí èèyàn bá gbé ọgbọ́n rẹ̀ síwájú wọn, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé, á di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni á lè ṣe irú rẹ̀. Àkùkọ, tó ń ké òmìnira láàárọ̀ lálẹ́, gbé ìwé Java dé ibẹ̀. Nígbà tó rí i pé àwọn àgbà fẹ́ fọwọ́ kàn án lóòótọ́, ó fà á padà ní oṣù Kejìlá ọdún 1999. Ta ló wá gbé tirẹ̀ wá? Erin, onílé tó mọ odi! Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, àwọn àgbà lu C# àti òfin atúmọ̀ rẹ̀ ní òǹtẹ̀. Ẹni tó ní kí gbogbo ayé máa rìn di ẹṣin rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni má jáde ya àwòrán ilé rẹ̀ fún aráyé.

Ọ̀bọ ló rí àwòrán náà. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ atúmọ̀ Erin sí ẹ̀yìn odi, lórí ilẹ̀ Linux. Miguel de Icaza, ọmọ Mexico, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Mono ló pè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀bọ gan-an ni mono lédè Sípéènì. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé n kì í dédé mú ẹranko. Ó parí àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 2004.

Ọdún 2004 kan náà lèmi ò lè gbàgbé. Ìjà ti kúrò láàárín àwọn ọ̀gá, ó ti wọ àárín ẹyẹ. Àwọn Ológoṣẹ́ wà lẹ́yìn Àkùkọ. Àwọn Lékèélékèé, tí ẹ̀yìn ẹran ńlá jẹ́ ibùjókòó wọn láti ìran bàbá wọn, wà lẹ́yìn Erin. Wọ́n ń tu ìyẹ́ ara wọn lọ́jà. Atúmọ̀ ta ló yá jù? Agbálẹ̀ ta ló mọ́ ilẹ̀ gbá? Ológoṣẹ́ kì í kí Lékèélékèé. Ọmọ Lékèélékèé kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ Ológoṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, Àkùkọ àti Erin jọ jáde síwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Erin ti gbà láti san bílíọ̀nù 1.95 dọ́là fún Àkùkọ, kí gbogbo ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ pin, kí wọ́n sì jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìjàpá wà láàárín wọn, ó ń nu ẹnu.

“Àwọn Ológoṣẹ́ ńkọ́?” ọmọ Ìyá Aláṣọ béèrè.

Wọn ò gbọ́. Ariwo ìjà wọn ló pọ̀ jù. Wọ́n ń bá a lọ.

Owó yẹn kò sì gba Àkùkọ là. Ó ti ń rù. Kó tó kú, ó ṣe ohun kan tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ títí di òní: láti òpin ọdún 2006, ó tú ìdí àrokò Java sí gbangba, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ tó sọ pé ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó tún un lọ́, kó pín in, ẹnikẹ́ni kò sì lè tì í mọ́lé mọ́. Ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, Àṣá já wálẹ̀. Àṣá ni Oracle, bílíọ̀nù 7.4 dọ́là ló fi gbé agboolé Àkùkọ, tòun ti ìyẹ́, tòun ti orúkọ Java. Ní oṣù Kẹrin, Pẹ́pẹ́yẹ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó wọ́ lọ sínú omi.

Kí ni Àṣá kọ́kọ́ ṣe? Ó ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ayékòótọ́, tí gbogbo ayé ń bi ní ìbéèrè, tí òyìnbó ń pè ní Google, ti kọ́ fóònù Android, ó sì ti sín àwọn ọ̀rọ̀ Java jẹ: bíi 11,500 ìlà, orúkọ ilẹ̀kùn àti yàrá, kó lè jẹ́ pé ẹni tó mọ ilé Java kò ní ṣìnà nínú ilé òun. Àṣá ní olè ni. Ayékòótọ́ ní orúkọ ni òun pè, òun kò kó ilé. Wọ́n wọ kóòtù lọ́dún 2010, wọ́n jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, nígbà tí adájọ́ mẹ́fà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní Ayékòótọ́ kò jẹ̀bi, tí méjì kò gbà. Mọ́kànlá ọdún. Ìjàpá kọ́ ilé alájà mẹ́rin.

“Erin wá ńkọ́?” ọmọ Télọ̀ ní. Mo gbọ́ lóhùn rẹ̀ pé ó ti ń fura.

Erin ti dàgbà. Àwọn àlejò rẹ̀ ti ń lọ gba ilé sórí ilẹ̀ Linux, inú ilé sì ti ń tutù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ó ní òun tú ìdí .NET sí gbangba. Ní 2016, ó bọ́ sóde fúnra rẹ̀. Atúmọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ibodè Linux, ó wà lẹ́nu ibodè Mac. Ẹsẹ̀ tí kò ní, ó ti hù. Lápá Java ẹ̀wẹ̀, Scala ti wọlé, Clojure ti wọlé, Kotlin ti wọlé. Èdè tó ju ẹyọ kan lọ fíìfíì ló ń di ara rẹ̀ ní àrokò Pẹ́pẹ́yẹ báyìí. Ìwọ tó o ní tìrẹ ń rìn, tiwọn náà ń rìn. Ìwọ tó o ní ilé yín gba gbogbo èdè, ilé tiwọn náà gbà á.

Wọ́n dákẹ́. Gbákà kan kọjá, iná iwájú rẹ̀ yí lára ògiri wa, ó lọ.

“Ta ló wá borí, Tọ́ńtọ̀n?”

Mo ní ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ṣe ró. Mo lu ẹ̀rẹ̀kẹ́: pó, pó…

Iná dé. Gbogbo àgbàlá hó yèè. Kí n tó lu ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti dìde sáré, ọ̀kan gbá ṣájà mú, èkejì gbá kọ̀ǹpútà mú. Ìdérí ìgò méjèèjì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Ìyá Aláṣọ. Mo dìde tẹ̀ lé wọn, mo bojú wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Linux ló wà lórí rẹ̀. Java wà níbẹ̀, .NET wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gba méjèèjì, dátà nìkan ni wọ́n san owó rẹ̀.